Olobó Tí Kò Dé Ibì Kankan

Bí ẹ bá dé Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ béèrè ilé Adéagbo Lágúnjú, wọn kò ní fi nọ́ńbà ilé júwe rẹ̀ fún yín. Wọn á ní kí ẹ máa wo òkè títí ẹ ó fi rí òpó irin gíga kan tó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, tí wáyà ta láti orí rẹ̀ dé ara igi máńgòrò aládùúgbò. Àwọn ọmọdé ní ó fi ń fa mànàmáná wálẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní òyìnbó ló fi ń bá sọ̀rọ̀. Ti àwọn àgbà ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Yunifásítì ni Adéagbo ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ yàrá ìwádìí ló ń tún ṣe níbẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n rédíò ni ìfẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Rédíò tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba kó tó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni, èyí tí ẹni tó jókòó sí Ifẹ̀ lè fi kí ẹni tó wà ní Japáànù láìsan kọ́bọ̀. Háàmù ni àwọn tó ń ṣe é ń pe ara wọn, wọ́n sì wà káàkiri ayé. Ohun tí háàmù ń wá ju ohun gbogbo lọ ni ohùn láti ibi tó jìnnà tó sì ṣọ̀wọ́n, bí erékùṣù tí kò ní ju ẹyẹ àti iyanrìn lọ, tí àwọn kan gbé rédíò lọ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í dá a jẹ. Á ta àwọn yòókù lólobó. Á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà pé, ẹ wá o, lágbájá wà lórí ìgbì rédíò báyìí, mo ń gbọ́ ọ. Olobó náà á wọ inú ohun tí wọ́n ń pè ní kíláṣítà, ìyẹn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so kọ́ra láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo ayé ti rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà wà ní pálọ̀ Adéagbo, lórí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Sólà ló ń gbé e. Adéagbo ni alábòójútó rẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé, òun ló sì lè ti ẹni tó bá ń da ìlú rú síta. Àwọn àṣẹ kan wà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè tẹ̀ wọ́n. Òmíràn á já èèyàn kúrò lórí okùn. Òmíràn á kéde ọ̀rọ̀ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan sì wà tí àwọn òyìnbó tó kọ ètò náà sọ ní badspotter. Nígbà tí Adéagbo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní a lè pè é ní ẹlẹ́rìí èké. Ẹni tí a bá fi àmì ìpè rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí ìjọba fún un lórí rédíò, sẹ́yìn àṣẹ yẹn, olobó rẹ̀ kò ní kọjá ibẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní bá a jà, kò sì ní sọ fún un. Yóò máa tẹ̀ ẹ́, yóò máa rò pé ayé ń kà á.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé, dúró wò ó. "Bàbá Ìmísí, èyí mà burú ju kí ẹ lé e jáde lọ. Ẹni tí a lé jáde mọ̀ pé ìta lòun wà."

Adéagbo rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló fẹ́ máa jókòó ṣàlàyé fún gbogbo elékèé ayé.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan gbé rédíò lọ sí erékùṣù kékeré kan láàárín òkun Pàsífíìkì. Láti ìgbà tí Adéagbo ti gba ìwé àṣẹ ló ti ń wá erékùṣù yìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó ti rédíò, tó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ariwo bí òjò orí páànù nìkan ló ń gbọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni olobó kan wọlé láti Ìpetumodù. Ẹni tó ta á ní òun ń gbọ́ erékùṣù náà kedere, ní nǹkan bí ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì.

Adéagbo sáré yí rédíò rẹ̀ síbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹni kan náà tún ta olobó. Adéagbo tún yí i síbẹ̀, kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Ó mọ orúkọ ẹni náà, kò mọ ojú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Abdulrazaq lorúkọ rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tẹligíráàmù rí nígbà tí tẹligíráàmù ṣì wà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mùnírátù, ló kọ̀wé wá nígbà kan pé apá tí bàbá òun fi ń sọ̀rọ̀ lára rédíò rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi gbọ́. Òun á sì máa bá a tẹ ohun tó bá gbọ́. Adéagbo fúnra rẹ̀ ló fún wọn láyè.

Kò pẹ́ tí Oyèkúnlé, ọ̀rẹ́ Adéagbo tí òun náà jẹ́ háàmù ní Ìbàdàn, pè é lórí fóònù. "Adé, ta ni baba Ìpetumodù tó wà lábẹ́ rẹ yẹn? Gbogbo wa ló ti yí rédíò dé ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àbí àlá ni baba ń lá?" Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ta Adéagbo lára. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹ̀rín yẹn kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wà nísàlẹ̀, tí kò jẹ́ fẹ́ wò, ni pé bí bàbá yẹn bá ń gbọ́ ọ lóòótọ́, a jẹ́ pé arúgbó kan tó na wáyà sórí òrùlé ń gbọ́ ohun tí òun, pẹ̀lú gbogbo òpó irin òun, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn korò jù fún un láti gbé mì. Ó jókòó, ó tẹ àṣẹ náà, ó fi àmì ìpè Abdulrazaq sẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn ní ìlà kan ṣoṣo pé ó ti ṣe. Adéagbo dìde, ó lọ jẹun.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí olobó bàbá náà mọ́, àfi Adéagbo. Alábòójútó ni, ó lè rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Nígbà míì tó bá ń wo ojú kọ̀ǹpútà, á rí i tí olobó Ìpetumodù ń wọlé, tí ó ń kú síbẹ̀, bí omi tí a dà sórí iyanrìn. Á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó yá, olobó náà kò wọlé déédéé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èyí tó wọlé ní ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ṣàlàyé. Mùnírátù ló tẹ̀ ẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń rí èyí? Bàbá mi fẹ́ mọ̀.

Adéagbo kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó nawọ́ sí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó tún fà á padà. Bó bá dáhùn, á ní láti ṣàlàyé. Ó tan tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí olobó kankan láti Ìpetumodù mọ́.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ẹ̀ka kan ya lára igi máńgòrò, ó sì fa wáyà éríà Adéagbo, èyí tó ń gba ohùn wọ inú rédíò, já. Ó pe wẹ́dà, wọ́n jọ tẹ òpó náà wálẹ̀. Nígbà tó tú ibi tí wáyà ti wọ ara éríà, omi dúdú kán sí i lọ́wọ́. Bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹra bí eyín tó ti kẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìjẹrà yẹn kì í ṣe tòní, kì í sì í ṣe tàná. Ó ju òjò ọdún kan lọ tó ti ń wọ ibẹ̀.

Ó pààrọ̀ wáyà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tan rédíò, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n bọ́ òwú kúrò létí rẹ̀. Ohùn tí kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó yí i dé ibi tí Abdulrazaq máa ń tọ́ka sí. Ohùn ọkùnrin kan jáde láti erékùṣù tó wà létí èyí tí bàbá náà gbọ́. Kò rinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká. A jẹ́ pé ohùn agbègbè yẹn ń dé ibí lóòótọ́.

Adéagbo kò dá a lóhùn. Irú ohùn tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ń pè é, kò lè la ẹnu. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ohùn náà fi pòórá. Òun ló dití. Òun ló ń gbọ́ ariwo, tó sì ń pe ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní onírọ́.

Ó tẹ àṣẹ tó ń tú ti àkọ́kọ́, ó yọ àmì ìpè bàbá náà kúrò. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ibi tó yẹ kí ìtìjú ti mú un sọ òtítọ́, ibẹ̀ ló ti mú un purọ́: ó kọ̀wé sí Mùnírátù pé ẹ̀rọ kíláṣítà ní ìṣòro kan látẹ̀yìnwá, pé òun ti tún un ṣe, kí bàbá jọ̀wọ́ tún gbìyànjú.

Wọ́n gbìyànjú. Olobó kan ṣoṣo ni Abdulrazaq ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èèyàn kan dúpẹ́ láti Ítálì, òmíràn láti Bràsíì. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ búlúù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Adéagbo, ó gbé ìkòkò amọ̀ ńlá kan sórí òṣùká. Mùnírátù ni. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpetumodù. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá mi ló ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn amọ̀kòkò ìtòsí ilé wa ló mọ èyí. Bàbá ní omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju ti fíríìjì lọ."

Adéagbo ní kó jókòó. Ìyábọ̀dé gbé omi wá fún àlejò, ó sì dúró létí ilẹ̀kùn yàrá.

"Ẹ ò mọ oore tí ẹ ṣe, sà," Mùnírátù sọ. "Bàbá ti gbà pé orí òun ló fẹ́ dàrú. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń gbọ́, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ. Ó wá débi pé bí mo bá pè wọ́n láti inú yàrá, wọn kì í jẹ́ mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nítòsí pé, ṣé wọ́n pè mí lóòótọ́? Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Dókítà ní etí wọn pé. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà wọ́n jù. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe etí, a jẹ́ pé orí ni. Wọ́n ní kí n fi aṣọ bo rédíò."

Adéagbo ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀rọ ló níṣòro," ó sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwa ò mọ̀. Ọlọ́run á san án fún yín."

Nígbà tí Mùnírátù lọ tán, Ìyábọ̀dé, tí kò gbàgbé àṣẹ ẹlẹ́rìí èké yẹn, mú ìgbálẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó ṣa ife, ìkòkò náà wà níbi tí àlejò gbé e sí. Nígbà tó di ọ̀sán, ara Adéagbo kò gbà á mọ́.

"Ìyá Ìmísí, ẹ ò ní bu omi sí ìkòkò yẹn ni?"

"Ẹni tó ṣoore ni wọ́n gbé e wá fún," Ìyábọ̀dé dáhùn. "N kò tíì rí ẹni náà nínú ilé yìí."

 Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Adéagbo ń lọ ra bátìrì ní Ẹnuwá. Ọkùnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí i níwájú ààfin, ó ní, "Ọ̀gá rédíò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ." Kíkí lásán ni, ṣùgbọ́n ó gún Adéagbo ní kókó ọkàn. Ó ń rìn lọ bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn, tí kò mọ ẹni tó ti rí i àti ẹni tí kò tíì rí i. Kò ra bátìrì mọ́. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìpetumodù.

Nínú ọkọ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ó fẹ́ sọ pé òfin kíláṣítà ni òun tẹ̀lé. Ó fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ ló tì í. Nígbà tó rí bàbá náà lójú, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò ya dànù. Abdulrazaq jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá, ó dé fìlà kékeré kan sórí. Rédíò wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣí aṣọ lójú rẹ̀, wọ́n sì ti nù ún. Nígbà tí bàbá gbọ́ orúkọ àlejò, ó fẹ́ dìde. Kó tó dìde, Adéagbo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, òun tí ó ti ní ọmọ-ọmọ.

"Dìde, dìde," bàbá wí. "Ìwọ tí o ṣe mí lóore."

"Bàbá, n kò ṣe yín lóore. Ẹ̀rọ kọ́ ló níṣòro. Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Kí lo tẹ̀?"

"Àṣẹ kan, bàbá. Pé kí wọ́n má gba ẹ̀rí yín mọ́. Gbogbo ohun tí ẹ ń ta lólobó láti ọdún tó kọjá, ọ̀dọ̀ mi ló ń kú sí."

Mùnírátù ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Bàbá tẹjú mọ́ Adéagbo.

"O rò pé irọ́ ni mò ń pa."

Ọ̀nà tí Adéagbo ìbá gbà sá nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé àṣìṣe lásán ni, àṣìṣe alábòójútó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Rárá, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ lẹ ń sọ."

Mùnírátù ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọjọ́ tí mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń rí èyí, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ rí i," ni Mùnírátù tún wí, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ó wọlé lọ, kò sì jáde mọ́ títí àlejò fi lọ.

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi kan etí rẹ̀. "Erékùṣù yẹn," ó ní, "ṣé mo gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Ẹ gbọ́ ọ, bàbá. Wáyà tèmi ló jẹrà."

"A jẹ́ pé orí mi pé."

"Orí yín pé."

"Àlùhámúdùlílàhì," bàbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, omi sì jáde lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún nu ojú. Ìdùnnú yẹn ni Adéagbo kò lè fara dà. Ká ní ó bú u, ká ní ó nawọ́ ọ̀pá sí i, ìbá rí ibi fi ara sí.

"Mo ti dárí jì ọ́," bàbá wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n má retí ti Mùnírátù. Òun ló ń wo ojú mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́ ohun tí o wá sọ fún mi yìí?"

"Wọn ò tíì gbọ́."

Abdulrazaq mi orí.

Kò pẹ́ tí Adéagbo délé ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó mú àṣẹ tí a fi ń kéde fún gbogbo èèyàn. Ó kọ ọ́ pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun dí ẹnì kan lẹ́nu láìtọ́. Ó fi àmì ìpè bàbá náà sí i, ó fi tirẹ̀ náà sí i, ó ní ohun tí bàbá gbọ́ jẹ́ òtítọ́, éríà òun ló bàjẹ́, òun rí ìbéèrè wọn òun kò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Kò sí bí a ṣe ń pe ìyẹn padà.

Oyèkúnlé ló kọ́kọ́ pè. "Adé, kí ló dé tí o fi ara rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí? Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí," Adéagbo dáhùn. Ó fi kún un pé, "Ó yẹ kí ìwọ náà kọ̀wé sí baba yẹn. O fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

Oyèkúnlé ní òun á wò ó. Kò tíì sọ fún un títí dòní bóyá òun kọ ọ́. Àwọn kan tó ń gba ọ̀dọ̀ Adéagbo wọlé ti kó lọ síbòmíràn. Wọn kò sọ ìdí, kò sì béèrè. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó ṣì ń ṣe é. Bó bá fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu nísinsìnyí, ó máa ń kọ̀wé sí ẹni náà ná.

Abdulrazaq ti padà sídìí rédíò rẹ̀. Olobó rẹ̀ ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́ láti ìlú tí ẹnu kò gbà. Ṣùgbọ́n Mùnírátù kò gba ọ̀dọ̀ Adéagbo mọ́. Ó ti so bàbá rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà, láti Ìpetumodù tí mọ́tò ń dé kí èèyàn tó sùn lọ lórí ìjókòó, olobó bàbá á kọ́kọ́ lọ sí ìkángun ilẹ̀ Áfíríkà, á gba ibẹ̀ rìn káàkiri, kó tó padà wọ pálọ̀ kan ní Ìlódè. Adéagbo máa ń rí ọ̀nà tó gbà wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìdí rẹ̀. Á yí rédíò rẹ̀ sí ibi tí bàbá tọ́ka sí, ohùn náà á sì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.